Òróró Ẹ̀fínrín fún Àwọn Ọmọ Ẹlẹ́dẹ̀ Etí Ọ̀sà

Títí di òní, bí mo bá já ewé ẹ̀fínrín, tí mo fi ìka méjì run ún, ibi tí mo wà á pòórá mọ́ mi lójú. Etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, ni n ó ti bá ara mi. Kùrukùru òwúrọ̀ á ti bo omi débi pé ènìyàn kò ní mọ ibi tí ọ̀sà parí sí àti ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Èéfín ẹja á máa rìn jẹ́jẹ́ láàrin àwọn ilé pákó, kò ní kánjú, kò sì ní ibi kan pàtó tó ń lọ. Lẹ́yìn náà ni n ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Ọbẹ̀ ni ẹ̀fínrín ń mú àwọn ọmọlúàbí rántí. Èmi, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń mú mi rántí, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ọmọ Mùsùlùmí ni mí, kí ẹ má baà ṣì mí mú. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti bí bàbá mi àti ìyá mi. Akọ̀wé ni bàbá mi, ìyá mi ń taṣọ, Ṣómólú ni wọ́n sì kó wá nígbà tí ilé ẹbí há jù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, bàbá mi ti kú, èmi sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún láìlọ́kọ, ọ̀rọ̀ tí ìyá mi kì í mẹ́nu bà àfi lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ó ní imú mi ló ń lé àwọn ọkùnrin. Òótọ́ ni pé imú mi mú. Mo lè gbóòórùn ọbẹ̀ tó fẹ́ bàjẹ́ nígbà tí ẹni tó sè é ṣì ń yangàn.

Imú yìí ni mo fi ń jẹun ní yunifásítì Akọ́ka. Yàrá àyẹ̀wò kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, lábẹ́ olùkọ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ewé ló ń ṣèwádìí, èmi ni mo sì ń bá a fa òróró inú ewé jáde. A ó kó ewé àti omi sínú ìkòkò tí a dé pa, a ó sè é, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá láàrin omi tútù, á di omi padà. Òróró á wá léfòó lórí omi náà, tíńtín báyìí, bí omijé. Ọ̀gá mi á kán ẹ̀kán kan sínú àwo tí kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i, nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, ibi tí ẹ̀kán náà bọ́ sí á ti mọ́ tónítóní. Nínú gbogbo ewé tí a sè, ẹ̀fínrín ló ń ya ọ̀gá mi lẹ́nu jù. Kò ya ìyá mi lẹ́nu. Ó ní òun ti ń fi ẹ̀fínrín wo inú rírun kí wọ́n tó fi bíríkì àkọ́kọ́ lélẹ̀ ní Akọ́ka.

Àwọn sójà ló ń ṣèjọba nígbà náà. Wọ́n ní kò sówó nílùú, kí kálukú mú sùúrù. A tò fún ìrẹsì, a tò fún mílíìkì, a tò fún ọṣẹ, ẹni tí kò bá sì tò dáadáa á jẹ kòbókò. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àwọn òṣìṣẹ́ dànù. Ìlà mẹ́rin ni lẹ́tà tèmi, wọ́n sì ṣi orúkọ bàbá mi kọ. Mi ò sunkún. Mo fọ àwọn ìgò tí mo ń lò lọ́wọ́, mo dojú wọn délẹ̀ kí wọ́n lè gbẹ, mo sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní gbogbo òwúrọ̀ bí ẹni tó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Etí ọ̀sà ni ẹsẹ̀ mi máa ń gbé mi lọ. Ibẹ̀ dákẹ́, kò sì sí ẹni tó máa bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe báyìí. N ó kàn dúró máa wo omi títí oòrùn á fi jẹ kùrukùru náà tán.

Níbẹ̀ ni mo ti mọ Màmá Ìlàjẹ. Báyìí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Opó ni, ará etíkun Oǹdó, onígbàgbọ́ tí kì í bọ́ aṣọ àdúrà funfun rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹja yíyan ló ń tà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí kò sí ẹni tí yóò máa ju àwọ̀n fún un mọ́, ó fi pákó ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó ṣe ọgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń yanja, ó sì kó ẹlẹ́dẹ̀ sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tó kó wọn síbẹ̀ ni ìyá mi kò ti fẹnu kan ẹja rẹ̀ mọ́. Ó ní èéfín kì í mọ ààlà. Ó tún ní ẹlẹ́dẹ̀ á pàfọ̀ tán, á máa wá ẹni rere tí yóò fara yí, òun kò sì ní jẹ́ ẹni rere náà.

Ní òwúrọ̀ kan mo bá Màmá Ìlàjẹ tó jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó ń wo omi bí èmi náà ṣe ń wò ó. Nígbà tí mo kí i, ó fún mi láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láìsí pé ẹnì kan bèèrè. Ó ní ìgbà méjì ni ìyá ẹlẹ́dẹ̀ òun ti bímọ tí òun kò rí ọ̀kan mú dàgbà. Wọn á mu ọmú dáadáa, ara wọn á máa dán. Ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èérí àgbàdo, tó kù díẹ̀ kí a já wọn lẹ́nu ọmú, ni ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, láàrin ọjọ́ mẹ́rin á sì kó gbogbo wọn lọ. Tẹ́lẹ̀, kápúsù aláwọ̀ méjì yẹn, pupa àti yẹ́lò, ni òun máa ń tú sínú oúnjẹ wọn. Láti ìgbà tí ọjà òkè òkun kò ti wọlé mọ́, kápúsù náà ti di ohun tí ènìyàn gan-an kò rí lò, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹlẹ́dẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́dẹ̀ náà tún ti bí mẹ́sàn-án. Tí wọ́n bá tún kú, yóò ta ìyá wọn fún alápatà, yóò sì padà sílé létíkun. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ń dúró dè é níbẹ̀. Ó ti fẹ́ ṣú u lópó láti ọjọ́ ìsìnkú, ó sì ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé òun ti tún ilé kùn.

“Ọma mi,” ó wí fún mi, nítorí bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń pe ọmọ nìyẹn, “bí àwọn wọ̀nyí bá kú, ọkọ̀ ni mo máa wọ̀. Mi ò sì fẹ́ wọ ọkọ̀ yẹn.”

Mi ò mọ ohun tó sún mi. Bóyá àìríṣẹ́ ṣe ló ń yọ ọwọ́ mi lẹ́nu. Mo sọ̀rọ̀ òróró ẹ̀fínrín fún un, pé bí ó bá ń pa kòkòrò inú àwo, ó lè pa ti inú ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ náà, kí ikùn wọn lè lágbára kí ọmú tó kúrò lẹ́nu wọn. Mo ní ìṣòro kan ṣoṣo tó wà ni pé kò sí irinṣẹ́. Ìgò àti páìpù mi ti di ti ìjọba padà.

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó dìde. Ẹ̀yìn ilé ló mú mi lọ. Ó ká tapólì kúrò lórí nǹkan kan, mo sì rí i: dírọ́ọ̀mù tí wọ́n fi irin dé pa, páìpù bàbà gígùn tó jáde lórí rẹ̀, àti ìdajì ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń bu omi tútù sí kí páìpù lè gba inú rẹ̀ kọjá. Irinṣẹ́ ògógóró ọkọ rẹ̀ ni. Ohun tí a ń lò ní Akọ́ka gẹ́lẹ́ ni, àfi pé èyí tóbi ju tiwa lọ, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó rà á. Mo wo dírọ́ọ̀mù ògógóró, mo wo ọgbà ẹlẹ́dẹ̀. Hàráàmù méjì lábẹ́ òrùlé kan, èmi ọmọ ìyá mi sì dúró láàrin wọn.

Ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti ń já ẹ̀fínrín. Ebè mẹ́ta ni ìyá mi gbìn sẹ́bàá kànga. Mo purọ́ fún un pé olónjẹ kan ní Ọbanikòró ló ń fẹ́ ẹ, ó sì wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Fún odindi ọjọ́ kan ni a fi fọ dírọ́ọ̀mù náà kí òórùn ọtí tó kúrò nínú rẹ̀. A kó ewé sí i, a fi amọ̀ dí etí ìdérí rẹ̀, a dáná sí i.

Bí mo bá ń rántí ọjọ́ náà, kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀. Màmá Ìlàjẹ ń bu omi sínú ọkọ̀, kùrukùru ń gòkè bọ̀ láti orí ọ̀sà, èmi sì jókòó ti ẹnu páìpù, mo gbé ìgò oògùn ikọ́ dání. Ẹ̀kán kan á jáde, á dúró, á ronú, á bọ́. Òórùn ẹ̀fínrín wọ inú èéfín ẹja, méjèèjì sì jọ lọ sórí omi. Apẹja kan tó ń tukọ̀ kọjá gbé àjẹ̀ rẹ̀ dúró, ó gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pè. Inú mi dùn débi tí ẹ̀rù bà mí. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ràn, mo ti rò pé owó oṣù ni.

Odindi apẹ̀rẹ̀ ewé ni a sè, òróró tí a rí nínú rẹ̀ kò sì ju èyí tó bo ìdí ìgò lọ. Mo kọ́ Màmá Ìlàjẹ bí yóò ṣe lò ó. Ẹ̀kán kan nínú ṣíbí epo pupa, kí ó fi po abọ́ èérí àgbàdo kan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀kán mẹ́ta ni mo ní kí ó lò, àwọn ọmọ náà gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sá sẹ́yìn bí ọmọ tó rí abẹ́rẹ́. Nígbà tí a dín in kù, wọ́n jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà, kí n tó débẹ̀ láràárọ̀, Màmá Ìlàjẹ á ti yẹ ìgbẹ́ wọn wò, á sì máa ròyìn rẹ̀ fún mi bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tó ti ìlú òyìnbó dé. Ó ń ki. Ó ti ń ṣù. Dókítà ló ń pè mí nígbà náà, mo sì jẹ́ kó máa pè mí bẹ́ẹ̀.

Gbogbo àṣẹ tí mò ń pa wọ̀nyí, ẹ̀yìn ọgbà ni mo ti ń pa á. Mi ò wọ inú rẹ̀ rí. Mo máa ń ká ìró mi sókè, n ó dúró ní ìwọ̀n apá méjì sí pákó, n ó na ìka. Ó ń tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe rí i nígbà náà ni pé ọgbọ́n mi ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹlẹ́dẹ̀, ara mi kò sí níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, mo gbọ́ igbe kí n tó rí ilé. Màmá Ìlàjẹ dúró láàrin ọgbà, gèlè rẹ̀ ti já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti kú, ọrùn rẹ̀ ti já. Àwọn mẹ́jọ yòókù há sí igun kan, wọ́n ń gbọ̀n. Ìyá wọn dúró sí igun kejì, irun ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, bí ọ̀kan bá sún mọ́ ọmú rẹ̀, á ya ẹnu sí i. Òórùn ẹ̀fínrín gba gbogbo ibẹ̀, ó le ju bí ó ṣe yẹ lọ.

Mo bèèrè ohun tí ó ṣe. Ó ní òtútù mú lóru, òun sì rí i pé ara àwọn ọmọ náà ń tutù. Ó da ìyá wọn síta fún oúnjẹ àárọ̀, ó wá fi òróró náà pa wọ́n lára láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tí ìyá wọn wọlé, ó gbóòórùn wọn, kò mọ̀ wọ́n mọ́.

“Òróró tí ọmọ ń mu,” ó wí, “ṣé a kì í fi pa á lára ni?”

Àdí ni wọ́n fún gbogbo ọmọ tó bí ní etíkun mu, òun náà ni wọ́n fi pa wọ́n lára. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe fún mi. Kò sí abiyamọ kan láti Bàrígà dé Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń fún ọmọ ní àdí tí kò ní fi èyí tó kù lọ́wọ́ pa á lára. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti wọ inú ọgbà lọ́jọ́ kan péré, tí mo bá ti dúró tì í bó ṣe ń gbé wọn, ì bá ti bi mí, ǹ bá sì ti sọ fún un. Ẹ̀yìn pákó ni mo dúró sí tí mò ń na ìka. Èmi ni mo pa ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, ìtìjú sì mú mi débi pé etí mi gbóná.

Ó ní kí a wẹ̀ wọ́n. Mo ní omi kò lè wẹ òórùn náà kúrò. Mo ti fọ ìgò òróró yẹn rí, mo mọ̀. Bí wọ́n bá sì pẹ́ sí i láìmu ọmú, òtútù àti ebi ló máa parí rẹ̀. Mo dúró, mo pa ojú dé, mo jẹ́ kí imú mi ronú. Ẹ̀fínrín ni ìyá wọn ń gbọ́ lára àlejò mẹ́jọ. Bí a kò bá lè mú òórùn náà kúrò lára ọmọ, ẹ jẹ́ kí a fi sí imú ìyá, kí gbogbo ayé máa rùn bákan náà fún un, kí ó má rí àlejò mọ́.

Màmá Ìlàjẹ ju okùn sí ẹlẹ́dẹ̀ náà lọ́rùn, ó fẹsẹ̀ ti pákó, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Kò ní ọwọ́ kẹta. Àwọn aládùúgbò ti wà lórí omi láti ìdájí. Ó yíjú sí mi, kò sọ pé kí n wá, kò tilẹ̀ fi ojú bẹ̀ mí. Ó mọ ilé tí mo ti wá.

Mo ní Bìsìmílà, mo sì wọlé.

Ẹ̀kán tó kù nínú ìgò kò ju mẹ́rin lọ. Mo dà á sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ náà lé imú ẹlẹ́dẹ̀. Ó tutù, ó rọ̀, ó ń mí. Mi ò mọ ohun tí mo ti rò pé n ó fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn. Ó mí sínú ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, ó sín, omi imú rẹ̀ ta sí mi lójú. Lẹ́yìn náà ni irun ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Màmá Ìlàjẹ tú okùn, ó rìn lọ síbi tí wọ́n wà, ó gbóòórùn èkíní, ó gbóòórùn èkejì, ó dùbúlẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀ tipẹ́. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sáré bò ó. Mo jókòó sínú koríko ẹlẹ́dẹ̀, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mu ọmú, oòrùn gba àárín pákó wọlé, mi ò sì rántí pé mo ní ilé.

Mo fi yanrìn fọ ọwọ́ létí ọ̀sà títí ó fi ń ta mí kí n tó lọ. Ìyá mi jókòó sẹ́bàá kànga nígbà tí mo dé. Àwọn ebè rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, igi ẹ̀fínrín lásán láìléwé. Ó wo ẹrẹ̀ etí ìró mi, ó wo ojú mi.

“Mélòó ló kù?” ó bi mí.

Mo ní mẹ́jọ. Ó ní àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ òun ti ròyìn ẹlẹ́dẹ̀ Màmá Ìlàjẹ fún òun, olónjẹ Ọbanikòró wo ló sì ń rùn bí ìyanja láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣé mo rò pé èmi nìkan ni Ọlọ́run fún nímú ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan dírọ́ọ̀mù ògógóró. Ó gbé bùútà àlùwàlá rẹ̀, ó na ọwọ́ mi jáde, ó sì ń da omi sí i fúnra rẹ̀, kò yára. Nígbà tó parí, ó ní òun kò ní bá mi jà, opó ni òun náà. Ṣùgbọ́n ẹja obìnrin yẹn kò ní wọ ilé yìí. Ó ní kí n lọ kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí ìdí ẹ̀fínrín kí ó lè rú padà.

A tún sè é lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí inú ọgbà ni mo ń dúró sí. A já àwọn ọmọ náà lẹ́nu ọmú, ọjọ́ mẹ́rin tí a ń bẹ̀rù kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ìgbẹ́ gbuuru kò wá. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yè. Màmá Ìlàjẹ ránṣẹ́ sí àbúrò ọkọ rẹ̀ pé kí ó fi ilé tó kùn gbé ìyàwó mìíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wá sí Ṣómólú. Ó gbé abọ́ ẹja lérí, ewé ẹ̀fínrín ló fi bò ó. Kò kọjá gọ́tà tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Òdìkejì ló dúró sí, ó kí ìyá mi, ó ní òun mọ̀ pé ilé àdúrà ni, òun kò ní wọlé, òun kàn fẹ́ kí wọ́n gbà á kí òun máa lọ. Bí mo ṣe máa ń dúró sí ẹ̀yìn pákó rẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe dúró. Mi ò lè wò ó.

Ìyá mi jáde sí i. Ó wo abọ́ náà títí. Ó ká ewé kúrò, ó mú ọ̀bọ̀kún kan, ó gbé e sí imú. Ó ní Bìsìmílà, ó já níbi ẹ̀yìn rẹ̀, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, lójú gbogbo àdúgbò.

“Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀,” ó wí. “Ẹ kọjá wọlé. Gọ́tà yẹn ń rùn.”

Màmá Ìlàjẹ bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì kọjá. Èmi tí mi ò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní lẹ́tà, ẹ̀yìn ilé ni mo sá lọ. Mo jókòó sẹ́bàá kànga, mo sì sunkún síbẹ̀ títí wọ́n fi pè mí pé kí n wá jẹ ẹja.